Yíyan ètò kọ̀ǹpútà tó lè fi ìwọ̀n téèpù nìkan ya àwòrán ilẹ̀

Ẹni tó bá ní téèpù 30 mítà, ìwé kékeré kan àti ẹni tí yóò bá a di orí téèpù mú lè wọn àgbàlá ilé tàbí oko kékeré tán kí oòrùn tó wọ̀. Yóò wọn láti igun kan sí èkejì, láti igun sí kànga, láti kànga sí ìdí igi máńgòrò. Iṣẹ́ tó kù lẹ́yìn náà ló máa ń ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lára: ìwé ti kún fún nọ́ńbà, a kò fi ẹ̀rọ kankan wo bí igun kọ̀ọ̀kan ṣe yà, a sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi àmì kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀ kí gbogbo ìwọ̀n inú ìwé lè bá àwòrán mu. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó lè ṣe é kò wọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba rárá, àwòrán tó dán kò sì ní kí àwòrán tọ̀nà. Èrò tèmi ni pé ètò tó yẹ kí a yàn ni èyí tó lè sọ fún wa pé ìwọ̀n méjì ń ta ko ara wọn, tó sì lè tọ́ka sí èyí tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló ṣìnà.

Kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ fóònù kúrò lọ́nà. Ohun èlò tó ń sọ ibi tí ènìyàn wà láti ojú sánmọ̀, èyí tó wà nínú fóònù, máa ń fi nǹkan bíi mítà 5 ṣìnà níbi tí igi àti ilé kò ti bo ojú ọ̀run, ó sì máa ń burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó dára fún ẹni tó ń wá àdúgbò, ṣùgbọ́n nínú àgbàlá tí kò fẹ̀ ju mítà 30 lọ, téèpù olówó pọ́ọ́kú sàn jù ú lọ fíìfíì.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ ka àwọn ìwọ̀n yín kí ẹ tó wá ètò

Iye àmì tí ẹ ní ló ń sọ iye ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹ gbọ́dọ̀ ní. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ sọ iye àmì di ìlọ́po méjì, kí ẹ sì yọ 3 kúrò. Àmì 4 ń fẹ́ ìwọ̀n 5, àmì 5 ń fẹ́ 7, àmì 10 sì ń fẹ́ 17. Ìdí tí a fi ń yọ 3 ni pé ìwọ̀n láàárín àmì kò mọ ibi tí ilẹ̀ náà wà láyé, kò sì mọ apá ibi tó dojú kọ. Ìrísí nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá wọn gbogbo méjì-méjì tó ṣeé wọn, àmì 4 yóò fún yín ní ìwọ̀n 6, àmì 5 yóò fún yín ní 10, àmì 10 yóò sì fún yín ní 45. Ohun tó bá lé lórí iye tó kéré jù ni ẹ̀rí yín, nítorí òun nìkan ló lè tú àṣìṣe fó.

Iye nìkan kò tó, ó tún gbọ́dọ̀ pín kárí. Bí ẹ bá kó ìwọ̀n jọ sí apá kan ilẹ̀ tí apá kejì sì ní ìwọ̀n kan ṣoṣo tó so ó mọ́ ìyókù, apá kejì náà yóò máa yí bí ilẹ̀kùn lórí ìdè rẹ̀, iye ìwọ̀n ìbáà pé. Onímọ̀ ìṣirò Hilda Pollaczek-Geiringer ló kọ́kọ́ fi ìlànà èyí hàn ní 1927, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, Gerard Laman, sì tún un fi múlẹ̀ ní 1970: nínú ìwọ̀n tí a gbára lé, kò gbọdọ̀ sí ìdìpọ̀ àmì kan tí ìwọ̀n inú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì iye wọn dín 3 lọ, nítorí pé ohun tó bá pọ̀ jù níbì kan ti kù káàtó níbòmíràn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti ẹni tó wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ tó sì rò pé òun ti parí. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 28, 21.19, 21.59 àti 15. Bí ìdábùú rẹ̀ láti igun àkọ́kọ́ sí ìkẹta bá jẹ́ mítà 29, fífẹ̀ ilẹ̀ náà jẹ́ mítà 437.5 níbùú lóòró. Bí ìdábùú yẹn bá jẹ́ 34, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní yí padà rárá, síbẹ̀ fífẹ̀ rẹ̀ yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi 409. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ tàbí olówó iyebíye, tó lè mọ èyí tí ilẹ̀ yín jẹ́ láìsí pé ẹ wọn ìdábùú náà. Nítorí náà, bí iye ìwọ̀n yín bá dín sí èyí tí a sọ, ẹ padà sórí ilẹ̀ ná.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ní ilẹ̀ ìdánwò tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ilẹ̀ tiwọn gan-an dán ètò tuntun wò, bí àwòrán bá sì jáde, wọ́n á gbà pé ó tọ̀nà nítorí pé wọn kò ní ohun tí wọ́n lè fi wé e. Ó sàn kí a fi ilẹ̀ àfinúrò bẹ̀rẹ̀, èyí tí a ti mọ ipò àmì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti ṣe ọ̀kan sílẹ̀ síhìn-ín, kí ẹ lò ó fún ètò tó bá wù yín. Igun ilẹ̀ náà ni A, B, C àti D. E ni kànga. Nínú àkámọ́ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye mítà tí àmì fi wà ní ọ̀tún A, ìkejì ni iye mítà tó fi wà lókè ìlà AB. A wà ní (0, 0), B ní (28, 0), C ní (21, 20), D ní (0, 15), kànga sì wà ní (12, 9). Gbogbo ìwọ̀n wọn ní mítà, tí a ṣírò dé sẹ̀ǹtímítà tó súnmọ́ ọn jù, nìyí:

- A sí B: 28.00
- A sí C: 29.00
- A sí D: 15.00
- A sí E: 15.00
- B sí C: 21.19
- B sí D: 31.76
- B sí E: 18.36
- C sí D: 21.59
- C sí E: 14.21
- D sí E: 13.42

Ìwọ̀n 10 ni, nígbà tí ó jẹ́ pé 7 péré la nílò, nítorí náà ẹ̀rí 3 ló lé. Ètò tí ẹ bá fẹ́ gbà gbọ́ gbọ́dọ̀ dá àwọn àmì padà sí ipò tí mo kọ sókè yìí láìyẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kí fífẹ̀ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ 437.5 tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ irú iṣẹ́ tí ètò kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Irú àkọ́kọ́ ni ètò tó ń fa òbìrí, ìyẹn ìlà róbótó, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi kọ́ńpáàsì fà á nínú ìwé ìṣirò nílé-ìwé. GeoGebra ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ. Ẹ fi A sí (0, 0) àti B sí (28, 0). Ẹ kọ Circle(A, 29) àti Circle(B, 21.19), kí ẹ sì fi Intersect wá ibi tí òbìrí méjèèjì ti gé ara wọn. Ibi méjì ni yóò jáde, ọ̀kan lókè ìlà AB, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó dé orí ilẹ̀ nìkan ló mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí C, ẹ fi A àti B wá D bákan náà, kí ẹ wá ní kí ètò náà wọn CD lórí àwòrán. Bí ó bá sọ 21.58 tàbí 21.59, àwọn igun yín bára mu.

Ibi kànga ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù, mo sì rọ òǹkàwé pé kó ṣe é fúnra rẹ̀ dípò kó gbà á gbọ́ lẹ́nu mi. Bí ẹ bá fi òbìrí láti A àti B wá kànga, ẹ ó rí i níbi tó yẹ kó wà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí (12, 9) kò tó mìlímítà 3. Ẹ wá fi òbìrí láti B àti D wá a. Ìwọ̀n méjèèjì kò ní àṣìṣe kankan nínú ju pé a ṣírò wọn dé sẹ̀ǹtímítà lọ, síbẹ̀ kànga yóò sún ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18. Bí ẹni tó ka téèpù bá sì ka BE sí 18.33 dípò 18.36, òbìrí méjèèjì kò ní fojú kan ara wọn rárá, ètò náà yóò sì sọ pé kànga yín kò sí. Ohun tó fà á ni pé kànga náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà tó lọ tààrà láti B sí D, sẹ̀ǹtímítà 38 péré ló fi kúrò lórí rẹ̀, nítorí náà òbìrí méjèèjì kàn ra ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, wọn kò gé ara wọn dáadáa. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń fẹ́ kí ìlà méjì tí a fi wá àmì kan pàdé ní igun tí kò dín ní 30 dígírì, tí kò sì ju 150 lọ. 90 ló dára jù. Ètò tó ń fa òbìrí kò ní kìlọ̀ fún yín nípa èyí. Yóò fún yín ní àmì kan, àmì náà yóò sì dà bí òtítọ́.

Ìkùdíẹ̀-káàtó kejì tó ní ni pé ìwọ̀n méjì-méjì ló ń lò fún àmì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ju ìyókù nù àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín yẹ̀ ẹ́ wò. Fún àmì 5 tàbí 6, kò burú. Bí ó bá ti tó 15, àṣìṣe àmì àkọ́kọ́ yóò ti máa gun orí ìkejì, tí ìkejì yóò máa gun orí ìkẹta, ẹ kò sì ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Irú kejì ni ètò ìyàwòrán tí a ń fún ní òfin. FreeCAD ní apá kan tó ń jẹ́ Sketcher, SolveSpace náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ óò ya ilẹ̀ náà wúruwùru, ẹ óò wá sọ fún un pé ìlà yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ 28, ìyẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ 29, yóò sì máa tún àwòrán náà tò títí gbogbo òfin yóò fi ṣẹ. Ohun tí mo gbádùn nínú FreeCAD ni pé ó máa ń sọ iye ọ̀nà tí àwòrán ṣì lè gbà yí. Bí ẹ bá kan A mọ́ ojúkan, tí ẹ sì fi AB sí ìbú gbọọrọ, tí àwòrán náà sì ṣì lè yí, ó túmọ̀ sí pé ìwọ̀n kan ṣì kù tí ẹ kò wọn tàbí tí ẹ kò tíì fi sí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá di ojúkan, àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà sí ewéko. Fún ẹni tí kò fẹ́ ṣe ìṣirò tí mo sọ ní ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀ bóyá ìwọ̀n rẹ̀ tó nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn ètò wọ̀nyí kò fẹ́ràn ẹ̀rí tó lé. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n kẹjọ sí ilẹ̀ ìdánwò wa, tí ó sì yàtọ̀ ní mìlímítà 2 sí ohun tí ìwọ̀n 7 àkọ́kọ́ sọ, FreeCAD yóò sọ pé òfin ń ta ko òfin, yóò sì kọ̀ ọ́. Fún ẹni tó ń ya irin tí ilé iṣẹ́ yóò gé, ìyẹn dára. Fún wa tí a ń lo téèpù lójú oòrùn, gbogbo ìwọ̀n ló ní àṣìṣe kékeré, ìtakora díẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fi ìwọ̀n 7 ṣe òfin, kí ẹ fi 3 tó kù ṣe ìwọ̀n àfihàn lásán, kí ẹ sì máa fi nọ́ńbà tó bá hàn wé ti inú ìwé yín.

Irú kẹta ló yẹ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyẹn ètò tó ń gba gbogbo ìwọ̀n wọlé lẹ́ẹ̀kan náà tó sì ń wá ipò tí àpapọ̀ àṣìṣe rẹ̀ kéré jù. Least squares ni wọ́n ń pe ìlànà náà. Legendre, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1805, Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, sì lò ó nígbà tó ń wọn ilẹ̀ Hannover ní Jámánì, nítorí náà kì í ṣe idán ayé kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan wé jíjìnnà tó wà lórí àwòrán, ó ń sọ ìyàtọ̀ wọn di ìlọ́po ara rẹ̀, ó ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì ń ti àwọn àmì síwá sẹ́yìn títí àpapọ̀ náà kò fi lè dínkù mọ́. Ìyàtọ̀ tó bá kù lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni mo ń pè ní àṣẹ́kù. Ètò tí kò bá fi àṣẹ́kù hàn yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Excel tàbí LibreOffice Calc lè ṣe é, ẹ kò sì nílò ohun mìíràn fún àmì tí kò ju 10 tàbí 12 lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà ipò àwọn àmì sí òpó méjì, x àti y, kí ẹ fi ohun tí ẹ fojú bù láti inú àwòrán ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe ìlà kan: ìwọ̀n téèpù, jíjìnnà tí a ṣírò láti inú x àti y pẹ̀lú SQRT, ìyàtọ̀ wọn, àti ìyàtọ̀ náà nígbà tí a fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ ro òpó tó gbẹ̀yìn pọ̀ sínú àpótí kan. Ẹ wá ṣí Solver, ìyẹn irinṣẹ́ inú wọn tó ń wá nọ́ńbà tó yẹ fúnra rẹ̀, kí ẹ ní kí ó sọ àpótí náà di kékeré jù nípa yíyí x àti y padà, àyàfi x àti y ti A pẹ̀lú y ti B, tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sí òdo kí wọ́n má yí. Ìdẹkùn méjì ló wà níbẹ̀. Nínú Excel, àmì kan ti wà lójú ibi tí a kọ Make Unconstrained Variables Non-Negative sí. Ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí pé bí ẹ bá fi í sílẹ̀, kò sí àmì tó lè bọ́ sí apá òsì A tàbí sí ìsàlẹ̀ ìlà AB, àwòrán yín yóò sì wọ́ láìsọ ìdí. Nínú Calc, ẹ yan ẹ̀rọ ìṣirò tó ń ṣe èyí tí kì í ṣe onílà gbọọrọ, nítorí pé ti onílà gbọọrọ ló máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ fojú bù náà ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lọ. Bí ẹ bá fi gbogbo àmì sí (0, 0), tàbí tí ẹ fi kànga sí òdìkejì ìlà tó yẹ kó wà, Solver lè dúró síbi kan tí kò burú tó láti kúrò, tí kò sì dára tó láti jẹ́ òótọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú àwòrán ọwọ́ tí ẹ yà lórí ilẹ̀, bí ó tilẹ̀ wọ́.

Fún iṣẹ́ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, GNU Gama wà, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ awọnlẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ṣe é fún. Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra, nítorí pé inú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni a ti ń kọ àmì àti ìwọ̀n fún un, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ẹ sọ bí ẹ ṣe gbà ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan gbọ́ tó ní mìlímítà. Ìwọ̀n tí ẹ fi ẹ̀rọ oníná pupa (lésà) mú lè ní 3, èyí tí ẹ fi téèpù na kọjá orí koríko gíga lè ní 30, ètò náà yóò sì gbọ́ ti àkọ́kọ́ ju ti ìkejì lọ. Yóò tún sọ bí ipò àmì kọ̀ọ̀kan ṣe dájú tó, ibẹ̀ ni ẹ óò sì ti rí kànga tí a wá láti B àti D pé kò dájú níhà kan.

Ẹni tó bá mọ R, èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, lè lo àṣẹ cmdscale, tó ń sọ tábìlì jíjìnnà di àwòrán ní ìlà kan ṣoṣo láìsí pé a fojú bu ohunkóhun ṣáájú. Àpẹẹrẹ tó bá R wá fúnra rẹ̀ ni eurodist, jíjìnnà ojú ọ̀nà láàárín ìlú 21 ní Yúróòpù, nínú rẹ̀ ni a sì ti ń rí i pé ẹni tó kọ àpẹẹrẹ náà ní láti dojú àwòrán délẹ̀ kí àríwá tó wà lókè. Bí ẹ bá fi eig=TRUE sí i, ẹ wo àwọn nọ́ńbà tó jáde: lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, méjì àkọ́kọ́ nìkan ló yẹ kó tóbi, bí ìkẹta bá sì tóbi pẹ̀lú, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ yín ga níbì kan tàbí kí ìwọ̀n kan ti ṣìnà. Àléébù rẹ̀ ni pé tábìlì gbọ́dọ̀ kún pátápátá. Bí ògiri bá dí yín lọ́wọ́ láti wọn B sí D, cmdscale kò wúlò fún yín mọ́. Àkójọ smacof nínú R kan náà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fún ìwọ̀n tí kò sí ní òdo nínú tábìlì tó ń sọ bí a ṣe gba ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan gbọ́ tó.

Ètò kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń jáde nígbà tí ènìyàn bá wá irú nǹkan báyìí kiri: neato tó wà nínú Graphviz. Ó ń gba gígùn ìlà, ó sì ń ya àwòrán tó dára lójú, ṣùgbọ́n àwòrán ìbátan ni wọ́n ṣe é fún. Níbi tí ẹ kò bá ti fún un ní ìwọ̀n, ó máa ń ro gígùn ọ̀nà tó kúrú jù láti àmì dé àmì pọ̀, á sì fi í ṣe jíjìnnà náà. Ilẹ̀ yín yóò nà kọjá bó ṣe yẹ, láìsí ìkìlọ̀ kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe dán ètò náà wò

Ẹ padà sí ilẹ̀ ìdánwò, kí ẹ kọ CD sí 21.95 dípò 21.59. Irú àṣìṣe tí ọwọ́ máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí ẹnìkan ń pè tí ẹnìkejì ń kọ. Ẹ tún un ṣírò. Nínú Solver, àṣẹ́kù tó ti wà ní ìwọ̀n mìlímítà yóò fò sókè, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe retí pé CD nìkan ni yóò fi sẹ̀ǹtímítà 36 hàn, nítorí pé ìlànà yìí máa ń pín àṣìṣe kan ká orí ọ̀pọ̀ ìwọ̀n tó wà nítòsí. Láti mọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹ yọ ìwọ̀n kan kúrò, ẹ ṣírò, ẹ dá a padà, ẹ yọ òmíràn. Ìgbà tí ẹ bá yọ CD nìkan ni gbogbo àṣẹ́kù ìyókù yóò wálẹ̀ padà. GNU Gama ń ṣe ìdájọ́ yìí fúnra rẹ̀.

Ẹ wá yọ kànga kúrò pátápátá, kí ó ku igun mẹ́rin àti ìwọ̀n 6, pẹ̀lú 21.95 náà nínú. Ẹ̀rí tó lé ti di ọ̀kan ṣoṣo. Ètò yóò ṣì sọ pé nǹkan kan kò dára, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe lè mọ èyí tó jẹ́, nítorí pé èyíkéyìí tí ẹ bá yọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyókù yóò bára mu. Ẹni tó ra ètò olówó gọbọi kò ní rí jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ ni èèkàn kan tí kò ní owó lórí: ẹ gbá a mọ́lẹ̀ láàárín ilẹ̀, ẹ wọn láti orí rẹ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ti rí ìwọ̀n 4 fún àmì kan tó ń fẹ́ 2, ẹ̀rí yín sì ti di 3. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ pẹ̀lú téèpù kì í fẹ́ ṣe èyí nítorí pé èèkàn náà kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ yà. Mo rò pé òun ni iṣẹ́ ìdajì wákàtí tó lérè jù lọ ní gbogbo ọjọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ilẹ̀ kò bá tẹ́jú

Bí téèpù 30 mítà bá ga ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ ní mítà 1, ìwọ̀n ìbú gidi ti fi mìlímítà 17 kéré sí ohun tí ẹ kà. Bí ó bá jẹ́ mítà 2, ó di mìlímítà 67. Nítorí náà ẹ na téèpù ní ìbú gbọọrọ, kí ẹ lo okùn tí a so òkúta mọ́ láti mú ìpẹ̀kun rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sórí àmì, tàbí kí ẹ wọn ní ìgékúrú-gékúrú. Ooru náà ń na irin, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni: lórí mítà 30, dígírì 10 kò mú ju mìlímítà 3 àti ààbọ̀ lọ. Téèpù oníke máa ń nà jù bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá fà á le.

Bí ẹ bá fẹ́ ya gíga náà pẹ̀lú, ìṣirò yí padà: ẹ sọ iye àmì di ìlọ́po mẹ́ta kí ẹ sì yọ 6. Àwọn awalẹ̀pìtàn abẹ́ omi ló mọ ìyẹn jù, nítorí pé nínú omi tó dúdú, téèpù ni ohun tó ṣeé gbára lé. Lórí ọkọ̀ ojú omi Mary Rose, tó rì ní etíkun Gẹ̀ẹ́sì ní 1545 tí wọ́n sì gbé jáde ní 1982, àwọn òmùwẹ̀ ń wọn láti orí àmì tí a kàn mọ́ igi ọkọ̀ náà sí ohun tí wọ́n bá rí, kọ̀ǹpútà sì ń wá ipò rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta. Site Recorder jẹ́ ètò tí a ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, ó ń gba jíjìnnà àti jíjìn omi pọ̀. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, GNU Gama àti Excel náà lè ṣe é bí ẹ bá fi òpó z kún x àti y.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí àwòrán kúrò nínú ètò náà

Ẹ wò ó bóyá ètò tí ẹ yàn lè kó ipò àwọn àmì jáde gẹ́gẹ́ bí CSV, ìyẹn tábìlì nọ́ńbà lásán, tàbí DXF, irú fáìlì àwòrán tí àwọn ètò ìyàwòrán mìíràn lè ṣí, nítorí pé ayàwòrán ilé tí ẹ óò gbé e fún kò ní lo ètò tiyín. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ dúró lórí ilẹ̀ ní àmì A, kí ẹ kọjú sí B, kí ẹ sì wò ó bóyá C wà lọ́wọ́ òsì yín bí ó ti wà lórí àwòrán. Ìwọ̀n jíjìnnà kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àwòrán tó dojú kodò bí ojú inú dígí yóò sì ní àṣẹ́kù tó dára bí ti òtítọ́ gẹ́lẹ́.

Bí méjì nínú àmì yín bá jẹ́ òpó kankéré tí awọnlẹ̀ rì, tí nọ́ńbà wọn sì wà lórí ìwé ilẹ̀ yín, QGIS, ètò ọ̀fẹ́ fún àwòrán ilẹ̀ ayé, lè gbé gbogbo àwòrán náà sórí àwòrán ayé. Ẹ ka ohun tí a kọ sórí ìwé náà dáadáa: ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà wà lórí ìpìlẹ̀ Minna ní UTM 31, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń sọ ipò ilẹ̀ ní Nàìjíríà, tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú QGIS ń jẹ́ EPSG:26331, nígbà tí fóònù ń lo ìlànà mìíràn tí a ń pè ní WGS 84; ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ yóò rí ilẹ̀ rẹ̀ nínú àgbàlá ẹlòmíràn. Òpó méjèèjì tún jẹ́ ẹ̀rí: ẹ ṣírò jíjìnnà láàárín wọn láti inú nọ́ńbà ìwé, kí ẹ fi wé ti téèpù yín, bí ó bá sì yàtọ̀ jù sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ, ẹ wádìí bóyá ẹnìkan ti hú òpó kan rì síbòmíràn kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan ètò kọ̀ǹpútà.

Àwòrán yìí dára fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìdáná, tó fẹ́ gbin igi, tàbí tó fẹ́ mọ ibi tí páìpù omi gbà kọjá. Kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Ní Nàìjíríà, awọnlẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn awọnlẹ̀, nìkan ló lè fọwọ́ sí èyí tí ìjọba yóò gbà, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ ààlà bá wà nílẹ̀, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ ìwọ̀n téèpù sí lọ fún un pẹ̀lú àwòrán náà, ní bí ẹ ti kọ ọ́ lórí ilẹ̀ gan-an, láì pa nọ́ńbà kankan rẹ́.